Ṣé ẹni tó mọ ìbọn yìn dáadáa yóò mọ púùlù gbá?

Ojú-Àmì:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn ni mo máa ń yìn, èyí tí a fi ń ta àmì láti mítà 10, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ mi kan fà mí wọnú eré púùlù, eré orí tábìlì tí a ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù funfun kí ó lè ti àwọn bọ́ọ̀lù yòókù wọnú ihò. Èrò wọn ni pé kò ní pẹ́ rárá tí n óò fi máa borí wọn, nítorí pé ẹni tí ọta rẹ̀ ń bá àárín àmì tí kò fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ kò yẹ kó tàsé ihò tí ọwọ́ odindi lè wọ̀.

Ohun tí mo ń rí lórí tábìlì kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu délẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù funfun, bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ gbá àti ihò bá wà ní ìlà kan, ì báà jìnnà, mo máa ń gbá a wọlé. Èyí tí a ní láti gé, ìyẹn ni pé kí bọ́ọ̀lù funfun kàn án ní ẹ̀gbẹ́ kí ó lè yà lọ sínú ihò, ni ó ń dà mí láàmú, kódà nígbà tí ó bá sún mọ́ ihò. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni ìmọ̀ ìbọn lè bá mi ṣe lórí tábìlì, kí sì ni kò lè bá mi ṣe? Ǹjẹ́ nǹkan kan wà nínú ohun tí ìbọn ti kọ́ mi tí yóò máa dí mi lọ́wọ́? Èsì ẹni tó mọ ọ̀kan nínú méjèèjì dunjú yóò ràn mí lọ́wọ́, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹni tó mọ méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀kì-Búlúù:

Púùlù ni mo mọ̀, n kò mọ ìbọn, ṣùgbọ́n ìdajì èsì ti wà nínú ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Ní ti kí ojú ríran kí ọwọ́ sì dúró, ẹ ti kọjá ohun tí tábìlì ń béèrè. Bọ́ọ̀lù púùlù fẹ̀ ní mìlímítà 57, ihò igun tábìlì sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 115, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín ihò wọlé, àyè tó ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 29. Ká ní bọ́ọ̀lù funfun fi mìlímítà 1 péré yà kúrò ní ibi tó yẹ kó ti kan bọ́ọ̀lù kejì, ọ̀nà bọ́ọ̀lù kejì yóò fi nǹkan bíi dígírì 1 yí, nígbà tí ó bá sì fi máa rin mítà 1, yóò ti fi mìlímítà 17 yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ṣì lè wọlé. Bí àṣìṣe yẹn bá di mìlímítà 2, ìyàkúrò yóò di mìlímítà 35, etí ihò ni bọ́ọ̀lù yóò lù. Mìlímítà 2 ní ibi tí kò ju apá lọ kò yẹ kó ba ẹni tó ń fi ọta lé orí ọta ní mítà 10 lẹ́rù, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù tó wà ní ìlà kan fi rọ̀ yín lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé bọ́ọ̀lù. Lákọ̀ọ́kọ́, bí igun tí ẹ fẹ́ fi gé e bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe kékeré ń di ńlá: ní igun dígírì 60, mìlímítà 1 yẹn ń ṣe ìbàjẹ́ ìlọ́po méjì. Èkejì ni ó wúwo jù, ìyẹn ni pé ibi tí ẹ ní láti fojú sùn kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Kì í ṣe ihò, kì í sì í ṣe ara bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ gbá. Ẹ ní láti fi ọkàn ya bọ́ọ̀lù kan tí kò sí, tí ó fara ti bọ́ọ̀lù yẹn ní òdìkejì ihò, kí ẹ sì rán bọ́ọ̀lù funfun lọ jókòó gẹ́lẹ́ sí àyè rẹ̀. Nínú ìbọn, ẹnìkan ti ya àmì sílẹ̀ dè yín, ibì kan náà ni ó sì wà láti ọta àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Lórí tábìlì, ẹ̀yin ni ẹ óò ya àmì, ẹ óò sì tún un yà ní gbogbo ìgbà tí ó bá kàn yín. Kódà bí ẹ bá yà á dáadáa, ara bọ́ọ̀lù méjèèjì a máa ha ara wọn díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kàn, èyí tí í fa bọ́ọ̀lù kejì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá rọra gbá a. Ojú kì í mọ èyí láìjẹ́ pé ó ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ agbára. Ìbọn ni ó ń fún ọta ní agbára, agbára kan náà ni lójoojúmọ́. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ tọ́ ọ sọ́nà. Nínú púùlù, apá tó ń tọ́ ọ̀pá sọ́nà náà ni ó ń ti í, òun ni yóò sì pinnu bí yóò ti le tó. Bọ́ọ̀lù tó wọlé kò sì tíì parí iṣẹ́, nítorí ibi tí bọ́ọ̀lù funfun bá dúró sí ni ẹ óò ti gbá èyí tó kàn. Bí bọ́ọ̀lù funfun bá ń yọ̀ láìyí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù kejì, dígírì 90 ni yóò fi yà kúrò ní ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yẹn gbà lọ. Bí ó bá ń yí lọ fúnra rẹ̀, tí ẹ sì gé e ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nǹkan bíi dígírì 30 ni yóò fi yà kúrò ní ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ̀ bọ̀. Kò sí ohun tó jọ èyí nínú ìbọn rárá, nítorí kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ọta lọ lẹ́yìn tí ó ti lu ìwé. Ní tèmi, ibẹ̀ yìí gan-an ni eré púùlù wà, ohun yòókù kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Mí-Kí-O-Tó-Fà:

Mo gba ìṣirò ẹni tó ṣáájú mi. Mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìbọn yíyìn, mo sì máa ń gbá púùlù nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ sọ ohun tí ó fò dá.

Ohun tó pọ̀ jù tí ìbọn fi ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí tábìlì kò sí nínú ojú, inú àyà ni ó wà. Ẹ wo oògùn tí ń dín ìlùkìkì ọkàn kù, irú bíi propranolol. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Beijing ní ọdún 2008, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà àti idẹ lọ́wọ́ Kim Jong-su, ayìnbọn ìléwọ́ ará Kòríà Àríwá, nítorí oògùn yìí. Oògùn kan náà ni Bill Werbeniuk, ọmọ Kánádà tó ń gbá súnúkà, eré orí tábìlì tó jọ púùlù, ń lò ní àwọn ọdún 1980 nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, kí wọ́n tó fòfin de oògùn náà nínú eré yẹn. Bí oògùn kan bá lè ṣe ẹni tó di ìbọn mú àti ẹni tó di ọ̀pá mú láǹfààní kan náà, a jẹ́ pé ìṣòro kan náà ni ó ń bá àwọn méjèèjì jà. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń dúró kí ara má bàa fa nǹkan sí ẹ̀gbẹ́, àti bí a ṣe ń gbé ìbọn sílẹ̀ nígbà tí ọkàn kò bá balẹ̀ dípò kí a fi ipá yìn ín, ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ òṣèré púùlù kì í ní títí tí wọ́n fi ń dàgbà. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn bá kù, tí àwọn ènìyàn sì ń wòran, ni ẹ óò rí i.

Ní ti ohun tí yóò dí yín lọ́wọ́, mẹ́ta ni mo ti rí. Èyí tó le jù ni ibi tí ojú máa ń wà. A ti kọ́ ayìnbọn pé kí ojú rẹ̀ wà lára àmì ìfojúsùn tó wà ní iwájú ìbọn, kí ó jẹ́ kí àmì ọ̀ọ́kán rí bàìbàì díẹ̀. Lórí tábìlì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ni kì í wo ọ̀pá mọ́ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n gbá a. Ara bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá ni ojú wọn ń sinmi sí. Bí ayìnbọn bá gbé àṣà rẹ̀ wá, orí ọ̀pá tàbí bọ́ọ̀lù funfun ni yóò máa wò. Joan Vickers ti Yunifásítì Calgary ni ó sọ ìwádìí nípa bí ojú ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ ṣáájú kí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ di ohun tí ayé mọ̀, àwọn mìíràn sì ti wò ó nínú ìbọn àti nínú bíliádì, ìyẹn àwọn eré ọ̀pá orí tábìlì bíi púùlù: nínú méjèèjì, ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń dúró pẹ́ ju ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Dídúró jẹ́ẹ́ náà ni ẹ óò mú lọ. Ibi tí ojú ń dúró sí ni ẹ óò yí padà. Ẹ má sì di ojú kan bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe nínú ìbọn, nítorí ojú méjèèjì ni a fi ń mọ bí nǹkan ti jìnnà tó.

Èkejì ni bí a ṣe ń fa ìbọn. A máa ń rọra tẹ ohun ìfà náà títí tí ìbọn yóò fi dún fúnra rẹ̀, kí ara má bàa mọ ìgbà tí yóò dún, kí ó má bàa ta gìrì. Ọ̀pá púùlù kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ pinnu ìgbà tí ẹ óò tì í, kí ẹ sì tì í kọjá bọ́ọ̀lù láìṣiyèméjì. Ẹ̀kẹta ni àkókò: ọta 60 ni a ń yìn láàárín ìṣẹ́jú 75 nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni wọ́n ń fún òṣèré láti gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje púùlù bíi Mosconi Cup.

Àwo-Ń-Fò:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gbogbo ìbọn ṣe ọ̀kan. Àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sófuurufú ni èmi máa ń yìn. Ẹni tó bá yìnbọn sí ibi tí àwo wà kò ní bà á. Iwájú rẹ̀, níbi tí kò sí ohunkóhun, ni a ń yìn sí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Ṣọ́ọ̀kì-Búlúù pé ayìnbọn kò mọ bí a ṣe ń fojú sun ibi òfìfo kò kàn wá. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ tiraka lórí bọ́ọ̀lù gígé.

Ṣọ́ọ̀kì-Búlúù:

Òótọ́ ni ẹ sọ, mo gbà. Ìyàtọ̀ kan ṣì wà: ara yín ń rìn tẹ̀lé àwo náà, ìrìn yẹn ni ó ń bá yín wọn iwájú tó yẹ. Bọ́ọ̀lù tó dúró sójú kan kò fún ènìyàn ní ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ tábìlì ju ẹni tó ń ta àmì lórí ìwé lọ, n kò jiyàn.

Ojú-Àmì:

Ẹ ṣeun gidigidi. Ti ibi tí ojú ń wà yẹn bá mi wí, nítorí orí ọ̀pá ni mo máa ń wò títí dé ìparí. Báwo ni kí n ṣe máa fi bọ́ọ̀lù gígé dánra wò, láìjẹ́ pé mo kàn ń gbá a lọ títí tí yóò fi mọ́ mi lára?

Ṣọ́ọ̀kì-Búlúù:

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kan sí nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ihò igun. Ẹ wá mú bọ́ọ̀lù gidi mìíràn, kí ẹ fi í fara ti èyí àkọ́kọ́ ní òdìkejì, kí àárín àwọn méjèèjì àti àárín ihò wà ní ìlà kan. Ẹ lọ dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀lù funfun, kí ẹ sì wò ó dáadáa: ibi tí àárín bọ́ọ̀lù kejì yẹn wà ni ẹ óò rán àárín bọ́ọ̀lù funfun lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò láìyí ipò orí yín padà, kí ẹ rọra tẹ̀ ba tábìlì, kí ojú yín wà ní àyè tó ṣófo yẹn nígbà tí ẹ bá ń gbá a. Tí ó bá ti ń wọlé déédéé, ẹ gbá ipò kan náà ní jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, lẹ́yìn náà kí ó le, kí ẹ sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì níbi tí ó bá kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù funfun dúró ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Láti inú àwọn àmì yẹn ni ẹ óò ti mọ bí apá yín ṣe ń pín agbára, ẹ sì lè nù wọ́n kúrò tí ẹ bá ti parí.