Ẹ gbà mí o: kí ló ń gbọn ọkọ̀ onígbòkun mi báyìí?

Ẹ̀yin àgbà nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ẹ kú iṣẹ́ o. Odò Medway ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni ọkọ̀ mi wà. Àlòkù ni, ẹsẹ̀ bàtà 28, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kékeré ló wà nínú rẹ̀.

Tí kò bá sí nínú jíà, mo lè tẹná mọ́ ọn bó ṣe wù mí, wàhálà kankan ò sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ki jíà bọ̀ ọ́, tó dé nǹkan bí ìyípo 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ife tíì á máa jó lórí tábìlì. Tí mo bá fi rìfáàsì, kó-kó-kó ni lábẹ́ pákó.

Nígbà tí omi fà, mo yẹ pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ lábẹ́ omi, wò: kò sí okùn tó lọ́ mọ́ ọn, kò sì jọ pé ó tẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe mi ṣáàfùtù, irin gbọọrọ tó so pùròpẹ́là mọ́ jíà, ó ń yẹ̀ ní bíi mìlímítà 2 nínú bíárìn onírọ́bà tó dì í mú. Ṣáàfùtù tí kò nípọn ju mìlímítà 25 lọ o!

Mẹkáníìkì kan ní síìtìn ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ni, kí n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó gọbọi. Bíárìn lèmi fura sí, ṣùgbọ́n kí ló jẹ ẹ́? Bí ṣáàfùtù bá tẹ̀, tàbí tí òun àti jíà ò bá gún régé mọ́, tuntun náà á tún jẹ kíá. Báwo ni mo ṣe lè dá méjèèjì mọ̀ láìgbé ọkọ̀ kúrò lómi?