Ìlà-ìlà lára àwọ̀ ẹ̀yìn nínú After Effects: ó ti yanjú

Ìlà-ìlà tó ń hàn lára àwọ̀ búlúù tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àkọlé fídíò mi nínú After Effects (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn) ti lọ. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè nípa ẹ̀.

Kíkúrò ní 8 bpc (bits per channel: bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìpele àwọ̀ ṣe ń pọ̀ tó) bọ́ sí 16 ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀: ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ bpc nísàlẹ̀ Project panel. Ó dán nínú After Effects, àmọ́ fídíò H.264 (irú fídíò tí a fún pọ̀) tí mo gbé jáde jẹ́ 8-bit, ìlà bá padà dé. Àwọ̀ tó lọ láti 10 sí 30 (nínú 0 sí 255 tí 8-bit ní) lórí píksẹ́lì 1920 kò ní ju nǹkan bí ìpele 20. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó píksẹ́lì 96, ojú á rí i dandan.

Noise (èyí tó ń fi èérún kéékèèké sára àwòrán) ló parí ẹ̀: adjustment layer (layer tí ohun tí a bá fi sí i ń ran gbogbo èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀) lókè pátápátá, Noise 2%, kí ẹ pa Use Color Noise. Ẹ má kúrò ní 16 bpc o.

Ó ku ibì kan: tí wọ́n bá fún fídíò náà pọ̀ láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù, noise á pòórá, ìlà á tún yọjú.