Òyìnbó tó ń gbé Ṣáínà, kí lẹ rí nínú ọ̀rọ̀ wọn?

Ìyá Ìbejì Xiaobei: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òyìnbó kan tá a jọ ń gbé ilé kan ní Guangzhou ló sọ lánàá pé ìlú yìí ti sú òun, pé wọn ò jẹ́ kóun rímú mí. Èmi kàn ń wò ó ni. Òyìnbó kẹ̀? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Wuhan: Ọmọ Ukraine lọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò dé ibì kankan. 2018 la jọ lọ wáṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé ọmọdé kan. Èmi tí mo ti ń sọ ọ́ láti jẹ́léósinmi, obìnrin ibẹ̀ wo ojú mi, ó láwọn òbí ò ní gbà. Ó gba tèkejì lójú ẹsẹ̀, ó ní tí wọ́n bá bi í, kó ní Amẹ́ríkà lòun ti wá. Alaalẹ́ ló ń gbé ìwé wá kí n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá pàdé ọmọ Ṣáínà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Ìjẹ̀bú, ọwọ́ mi ló ti wá.

Bàbá Yiwu: 😂😂 Ìjẹ̀bú ṣe wá jẹ́?

Alhaji Àgbékà: Òfin ò gbà á o. Orílẹ̀-èdè méje tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fẹ́ fún iṣẹ́ yẹn: Amẹ́ríkà, Britain, Kánádà, Australia, New Zealand, Ireland, South Africa. Ukraine ò sí níbẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ tún ni!

Akẹ́kọ̀ọ́ Wuhan: Ẹ ò jẹ́ n parí ẹ̀. Ọlọ́pàá dé lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló gbà sá, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Wọn ò sanwó oṣù yẹn fún un. Ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?

Kò Kàn Mí: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Oṣù kẹrin 2020 tí Kòrónà ń jà, tí onílé mi lé mi síta ní Guangzhou, tí mo sun abẹ́ afárá lálẹ́ méjì, òyìnbó mélòó ló wà níbẹ̀?

Mama Shanghai: Wọ́n jẹ nínú ẹ̀ díẹ̀ o. Ará Ítálì kan wà nílé wa, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀, kò sì rìnrìn àjò kankan lọ́dún náà. Tó bá ti wọ ẹ́lífétọ̀, wọ́n á fò jáde bí ẹni rí ejò. Ọkọ ẹ̀ wà nílé wọn lọ́hùn-ún nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè mọ́ àlejò lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta. Ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ di bébà lásán.

Kò Kàn Mí: Ẹ́lífétọ̀ lẹ sọ. Ó nílé tó ń lọ.

Mama Shanghai: Òótọ́ ni, àbúrò. Pẹ̀lẹ́.

Bàbá Yiwu: Wọ́n máa ń háyà wọn náà. Mo rí ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé tuntun: kóòtù, táì, wọ́n ní ọ̀gá láti òkè òkun ni. Ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, kò sọ gbólóhùn kan. Lọ́jọ́ kejì, ó ń ta bíà ní bárì tó wà lẹ́yìn ọjà.

Tísà Àgbà: Wọ́n kúkú ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Laowai tí wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àlejò láti òkè òkun, "lao" yẹn, àgbà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Wuhan: Àgbà ibo, sà? Ekúté gan-an, "lao" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀: laoshu.

Tísà Àgbà: Mo gbọ́. Ṣé òyìnbó táwa náà ń pariwo lé wọn lórí ní Mushin, èébú ni?

Ìyá Ìbejì Xiaobei: Àwa ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ará Ṣáínà gan-an, òyìnbó la ń pè é.

Bàbá Yiwu: Ẹ ṣeun! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mi kan, ọmọ Ṣáínà tó ti Yiwu wá bá mi ní Balógun, pé òun náà, òyìnbó ni, laowai lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun. Ó ní rárá o, òun ò lè jẹ́ laowai láé, èmi ni laowai. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi o.