Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ́ńjìnnì two-stroke tó ń fa ọ́ìlì fúnra ẹ̀, ṣé ó ṣe é fọkàn tán?

Ọmọ Ìkùn
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti àwọn bọ̀dá mi la ní ọkọ̀ fáíbà kan tá a fi ń pẹja lórí dáàmù Ero nílé wa n'Íkùn Èkìtì, ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40 tá à ń lò ti gbó, a fẹ́ ra tòkúnbọ̀ míì. Wọ́n fi méjì hàn wá l'Ékòó. Ọ̀kan dà bí èyí tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, téèyàn máa ń da ọ́ìlì sínú epo fúnra ẹ̀. Èkejì jẹ́ Yamaha 40 onísílíńdà mẹ́ta, ó ní táǹkì ọ́ìlì tiẹ̀, pọ́ǹpù kan ló ń fa ọ́ìlì náà wọnú ẹ́ńjìnnì. Òun ló mọ́ jù, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Àmọ́ mẹkáníìkì wa ní ká má rà á, pé gbogbo èyí tó bá ti ní pọ́ǹpù ọ́ìlì ló máa ń nọ́kì, tá a bá sì ranrí pé òun la máa rà, òun á yọ pọ́ǹpù yẹn dànù kó tó gbé e sórí ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dá Ìtapájì
Àbúrò, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pò ni kó o rà. Two-stroke ò ní ọ́ìlì nísàlẹ̀ bíi ti mọ́tò, èyí tó bá bá epo wọlé nìkan ló fi ń rìn, tí ìyẹn bá dá lójú eré kì í pẹ́ rárá tí pístìn á fi há mọ́ sílíńdà. Tó o bá fọwọ́ ara ẹ pò ó, o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Epo kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, ọ́ìlì ìdajì lítà, ìyẹn ni 50:1, kó o mì í dáadáa, ó tán.

Mẹkáníìkì Adó
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bọ̀dá Ìtapájì ò parọ́ lórí fífọwọ́ pò, àmọ́ pé gbogbo èyí tó ní pọ́ǹpù ló ń nọ́kì, rárá o. Ara pọ́ǹpù kan tí wọ́n ń pè ní VRO ni orúkọ burúkú yẹn ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí OMC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Johnson àti Evinrude, gbé jáde sára wọn ní 1984. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo ló ń fa epo tó tún ń fa ọ́ìlì, kò sì sí gíà tó ń yí i, atẹ́gùn tó ń tì tó ń fà nínú ilé kíráǹkì, ìyẹn irin tí pístìn ń yí, ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n ṣe é kó máa pò ó ní 50:1 tí ẹ́ńjìnnì bá ń sá eré gidi, kó lọ sí bíi 150:1 tó bá wà ní sílò. Kí hóòsì kékeré kan ṣáà ti là báyìí kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ̀ ọ́, ìwọ̀n ọ́ìlì ti yí nìyẹn, ẹni tó jókòó sórí ọkọ̀ ò sì lè mọ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà ó sì dáa sí i, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò gbàgbé. Àwọn Mercury àtijọ́ kan náà wà tó jẹ́ gíà oníke ló ń yí pọ́ǹpù, ike yẹn a máa jẹ.

Ti Yamaha tẹ́ ẹ fẹ́ rà yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Kíráǹkì fúnra ẹ̀ ló ń fi gíà yí pọ́ǹpù, irin tín-ínrín kan wá so pọ́ǹpù mọ́ kábúrẹ́tọ̀, bó o bá ṣe ń fi kún eré lọ́ìlì á máa pọ̀ sí i. Ẹ wo Suzuki AX100 tí àwọn ọlọ́kadà wa gùn káàkiri Èkìtì, ṣebí pọ́ǹpù ọ́ìlì ló wà lára òun náà, mélòó lẹ gbọ́ pé pọ́ǹpù ló pa á? Ohun tí mo máa ń bá lára àwọn tó nọ́kì ni omi tó wọ táǹkì ọ́ìlì, ìdọ̀tí tó dí fílítà, hóòsì tó ti gan, irin yẹn tí ẹnì kan tú nígbà tó ń tún kábúrẹ́tọ̀ ṣe tí ò sì dá a padà sójú àmì ẹ̀, àti aláàmù tí wọ́n ti gé wáyà ẹ̀ torí ariwo. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń dùn mí jù. Aláàmù yẹn ló máa sọ fún ẹ pé ọ́ìlì ti ń lọ tán o!

Ìyá Ẹlẹ́ja
Mẹkáníìkì, ẹ ṣeun. Ọ́ìlì wo ni ká dà sínú ẹ̀ gan-an, torí lọ́jà ibí, 40 tí wọ́n ń dà sí mọ́tò làwọn ọmọ máa ń rà.

Mẹkáníìkì Adó
Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da 40 sí i láé. Èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sára ẹ̀, àmì ọ́ìlì two-stroke ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ rí i pé ìdérí ẹ̀ ò tíì ṣí. Kódà ọ́ìlì two-stroke ti ọ̀kadà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀kadà. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ọ̀kadà lára, omi dáàmù ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lára, ooru wọn ò dọ́gba, ọ́ìlì tí kò yẹ á sì fi èérí jíjóná sílẹ̀ lórí pístìn àti plọ́ọ̀gì. Fún èyí tó ní pọ́ǹpù ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí ihò tóóró ni ọ́ìlì ń gbà kọjá, ọ́ìlì tó bá ki ò ní yára ṣàn láàárọ̀ ọyẹ́.

Akọ́mọlọ́kọ̀
Lórí yíyọ pọ́ǹpù dànù tí mẹkáníìkì yín sọ, ẹ ṣọ́ra gidi. Mo mọ ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn fa hóòsì ọ́ìlì yọ, wọ́n wá fi pọ́ǹpù sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, kíráǹkì ṣì ń yí i lófìfo láìsí ọ́ìlì nínú ẹ̀, ó wó sínú ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa yọ ọ́, ẹ yọ gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ dí gbogbo ẹnu hóòsì kéékèèké tó wọnú ẹ́ńjìnnì, torí tí ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀ afẹ́fẹ́ lá máa wọlé, epo á dínkù, ìyẹn náà á jó pístìn. Kẹ́ ẹ tún tọ́jú wáyà aláàmù ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa pariwo á sì máa dá eré ẹ́ńjìnnì dúró.

Ọmọ Ìkùn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé pọ́ǹpù ti tòkúnbọ̀ yìí ṣì dáa ká tó sanwó?

Mẹkáníìkì Adó
Ẹ kọ́kọ́ wọn kọ́ḿpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí pístìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nínú sílíńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n súnmọ́ra, tí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ sí èkejì ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ inú táǹkì dànù pátápátá, ẹ wò ó bóyá omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ da tuntun sí i, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà fún atẹ́gùn lára pọ́ǹpù títí tí kò fi ní hó mọ́, ẹ dì í padà. Ẹ wá fi ọwọ́ po epo 50:1 sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ so ó mọ́ ọn bí ẹni pé kò ní pọ́ǹpù rárá, ẹ fi bírò fàlà sára táǹkì ọ́ìlì níbi tí ọ́ìlì dé, kẹ́ ẹ sáré ẹ̀ nínú omi. Èéfín á pọ̀ torí ọ́ìlì ìlọ́po méjì ló ń jẹ, ìyẹn ò ṣe nǹkan. Tí ọ́ìlì bá ń lọ sílẹ̀ kúrò lójú ìlà, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Tí ò bá kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnnì ò ní nọ́kì torí epo tẹ́ ẹ pò, ẹ sì ti mọ̀ pé iye tẹ́ ẹ máa san gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aláàmù ẹ̀ ṣì ń ké.

Bọ̀dá Ìtapájì
Mo gbọ́, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n níbi tá a wà yìí tí pọ́ǹpù yẹn bá bà jẹ́ Èkó lẹ máa ti lọ wá pátì, ẹja ò sì ní dúró dè yín. Èmi ṣì wà lórí fífọwọ́ pò.

Mẹkáníìkì Adó
Ibẹ̀ yẹn ni mo gbà fún yín ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, tí kọ́ḿpírẹ́ṣọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, mú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pò, torí jíjìnnà tẹ́ ẹ jìnnà sí pátì nìkan. Tí ti onípọ́ǹpù bá dáa jù, rà á, má yọ nǹkan kan lára ẹ̀, kó o pààrọ̀ gbogbo hóòsì ọ́ìlì ẹ̀ kó tó dé orí dáàmù. Kó o máa gbé ọ́ìlì TC-W3 ìdajì lítà sínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí aláàmù bá ké, pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, wo táǹkì ọ́ìlì, tí ọ́ìlì bá ti ń lọ tán, da ti ọwọ́ ẹ sínú epo tó kù, 20 mílì sí lítà kan, kó o rọra tukọ̀ padà s'Íkùn.