Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Kí ni kí a kọ́kọ́ béèrè fún nínú ìtọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì?

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ kékeré kan tó fẹ́ kọ ìwé àbá sí àwọn aláṣẹ lórí ìtọ́jú àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun sẹ́yìn, yálà wọ́n sin ọdún wọn pé ni tàbí ọgbẹ́ ló dá wọn dúró lójijì. Wọ́n ti sọ fún wa pé owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀, àti pé kí a fi ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ síwájú.

Èrò ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ wa ni pé kí a béèrè fún ilé ìwòsàn tuntun tí yóò jẹ́ ti àwọn ológun nìkan. Èmi kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàròyé pé kò sí ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí àwọn débẹ̀, wọ́n ní kí àwọn lọ mú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fún àwọn rí wá, tàbí pé dókítà wo orúnkún àwọn láìbéèrè ìdí tí àwọn kì í fi í sùn lóru. Àwọn mìíràn kì í lọ rárá. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ọkọ òun kì í jókòó síbi tí yóò ti kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, pé ariwo kékeré a máa mú un fò dìde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní ara òun le.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín, níwọ̀n bí àwọn tó ti wọ aṣọ ogun rí, àwọn ará ilé wọn àti àwọn oníṣègùn ti wà láàárín wa. Bí ó bá jẹ́ ohun kan tàbí méjì péré ni wọn yóò ṣe fún wa, èwo ni kí ó ṣáájú, kí ni a sì lè tọ́ka sí pé ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn?

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì

Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́. Ọjọ́ tí sójà bá bọ́ aṣọ ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ló ń sọ ìgbà tí a ó rí dókítà, fáìlì wa sì ń tẹ̀ lé wa láti bárékè kan dé òmíràn. Bí a bá ti jáde, gbogbo rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà tuntun kò mọ ibi tí a ti jagun, àwa tí wọ́n sì ti kọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tó bá ń ké ìrora ń fa ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu wa kì í gbà á láti sọ.

Ẹ béèrè pé kí wọ́n yẹ ara olúkúlùkù wò fínnífínní kí ó tó jáde, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n má fo etí o. Ní Amẹ́ríkà, ariwo tó ń hó nínú etí láìdáwọ́ dúró ni àìlera tí àwọn ológun àtijọ́ tó ń gba owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ pọ̀ jù lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó gé. Ìró ìbọn àti ti ẹ̀rọ ńláńlá ló ń fà á, ojú kò sì rí i, débi pé aládùúgbò lè rò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ẹni náà dá òun lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdó olóró tó bá bú nítòsí: èèyàn lè dìde láìfarapa lójú, kí ọpọlọ rẹ̀ sì ti mì nínú agbárí, kí ẹ̀fọ́rí, ìgbàgbé àti ìbínú òjijì máa yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́ lẹ́yìn ogún ọdún?

Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn

Mo gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Láàárín 1962 sí 1971, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fọ́n kẹ́míkà tó ń mú kí ewé igi wọ́ dànù sórí igbó Vietnam. Agent Orange ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Nígbà tí àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní jẹjẹrẹ àti àwọn àrùn mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn kò rí ọ̀nà láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kẹ́míkà yìí ló fà á. Ọdún 1991 ni wọ́n tó ṣe òfin tó gbé ẹrù ẹ̀rí náà kúrò lórí wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá sìn níbẹ̀, tó sì ní ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí wọ́n kà sílẹ̀, wọn yóò gbà pé iṣẹ́ ogun ló kó o bá a. Ọ̀rọ̀ kan náà tún ṣẹlẹ̀ lórí èéfín àwọn kòtò tí wọ́n ti ń dáná sun pàǹtírí ní Iraq àti Afghanistan, ó sì di ọdún 2022 kí òfin PACT Act tó dé. Bí ìwé bá ti wà tó sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tó fà símú níbẹ̀, ìjà náà ì bá kúrú gan-an.

Ní ti ilé ìwòsàn tuntun, èmi kò ní kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú NHS, ètò ìlera ìjọba tí gbogbo ará ìlú ń lò, ni àwọn ológun àtijọ́ ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ṣètò ẹ̀ka ìlera ọpọlọ kan fún wọn nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Op COURAGE ní ọdún 2021. Ìṣòro ètò bẹ́ẹ̀ ni pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ológun ni aláìsàn náà tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fọ́ọ̀mù, "Ǹjẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun rí?", lè ṣe ohun tí ilé ńlá kò ní ṣe.

Ẹ sì gbé gbèdéke ọjọ́ kalẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti 2018, MISSION Act, bí ẹnì kan yóò bá dúró ju 20 ọjọ́ lọ kí ó tó rí dókítà gbogbogbòò tàbí oníṣègùn ọpọlọ, tàbí ju 28 ọjọ́ lọ fún dókítà àkànṣe, ó lè gba ìtọ́jú níbòmíràn kí ìjọba san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi kíka ọjọ́ náà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi gbèdéke náà díwọ̀n iṣẹ́ wọn nìkan. Ní ọdún 2014, àṣírí tú ní ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ ní Phoenix, ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n ń lo ìwé orúkọ ìkọ̀kọ̀ kí ọjọ́ ìdúró lè dà bíi pé ó kúrú, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé Eric Shinseki, ọ̀gágun àtijọ́ tó ń darí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àwọn ológun àtijọ́, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún.

Oníṣègùn ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ ọkọ tí kì í kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn yẹn jọ ohun tí à ń pè ní PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè tipa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dá àìsàn mọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, wọ́n sì ka àwọn kan lára àwọn tó ní in sí ojo. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó fi í sínú ìwé àìsàn wọn lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ ni pé ó ní ìtọ́jú. Àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tí ẹ̀rí wọn lágbára jù jẹ́ ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, níbi tí aláìsàn yóò ti máa fi ọgbọ́n padà sórí ohun tó ṣẹlẹ̀ dípò kí ó máa sá fún un, ó sì máa ń tó ìjókòó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Oògùn máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ohun tí kì í ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fún ẹni náà ní oògùn oorun kí wọ́n sì ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí nítorí àwọn tó ń kà á láìdá sí i. Bíbi ẹnì kan léèrè tààrà bóyá ó ń ro láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Bí ìbọn bá wà nínú ilé, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ fún ìgbà náà, nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀ lè gbóná fún àkókò kúkúrú kí ó sì rọlẹ̀, ohun tó bá wà nítòsí ọwọ́ lákòókò yẹn ló ń pinnu ìyókù. Ní Amẹ́ríkà, ológun àtijọ́ lè pe 988 kí ó sì tẹ 1, yóò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ kò náni tó ilé ìwòsàn.

Aya ológun

Ẹ kú àlàyé o, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó wà nílé. Èmi ni mo ń ka oògùn, èmi ni mo ń jí lóru, èmi náà ni mo ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe àwọn ni bàbá ń bínú sí. Ọjọ́ tí àárẹ̀ bá dá mi gúnlẹ̀, ètò ìtọ́jú rẹ̀ ti dojú dé nìyẹn. Òfin 2018 tí wọ́n mẹ́nu bà lókè yìí fẹ ètò ìrànwọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú ológun nílé, tó fi kan owó oṣooṣù fún àwọn tí ó tọ́ sí àti ẹni tí yóò rọ́pò wọn kí wọ́n lè sinmi. Bí owó kò bá sí, kí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kí n wọlé pẹ̀lú rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà bí òun bá gbà, nítorí "ara mi le" ni gbogbo ohun tí wọn yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá

N kò fara mọ́ bí ẹ ṣe sọ ilé ìwòsàn dànù yẹn. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kì í ṣe bàtà téèyàn á rà lẹ́ẹ̀kan. Kùkùté ẹsẹ̀ máa ń súnkì, ó máa ń wú, ó máa ń gbọgbẹ́, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ máa bá a yí padà títí ọjọ́ ayé ẹni, dókítà gbogbogbòò kò sì ní mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí dókítà Ludwig Guttmann ṣí ẹ̀ka àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944, èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Ó kó ìmọ̀ jọ sójú kan, ó ń yí wọn lórí ibùsùn kí ara wọn má bàa bó, ó sì fi eré ìdárayá kún ìtọ́jú. Ìdíje ọfà tó ṣe ní 1948 fún ológun 16, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ló di Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, níkẹyìn. Ẹ̀ka kan nínú ilé ìwòsàn tó ti wà ni mò ń sọ o, n kò sọ pé kí wọ́n kọ́ ààfin.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo máa dá a lábàá pé kí a yọ ilé ìwòsàn tuntun kúrò, kí a sì béèrè fún àyẹ̀wò àti ẹ̀dà ìwé kí sójà tó jáde, kí ẹni kan sì wà tí yóò máa pè é láti ọjọ́ náà títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tuntun. Ẹ̀ka àkànṣe yóò tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ àwọn aya yóò sì wọnú méjèèjì. Ta ni kí a ní kí wọ́n gbà síṣẹ́ ìpè yẹn?

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì

Àwọn tó ti débẹ̀ rí ni. Láti 1979 ni Amẹ́ríkà ti ń ṣí àwọn ibùdó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Vet Center láàárín ìlú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ológun àtijọ́, nítorí ohun tí èèyàn kò ní sọ fún dókítà, yóò sọ fún ẹni tí wọ́n jọ mọ òórùn ogun. Ẹ rí i dájú pé obìnrin wà lára wọn, nítorí àwọn obìnrin tó jagun ń dé ilé ìwòsàn tí wọ́n á ní kí ọkọ wọn tó jẹ́ sójà wá buwọ́ lùwé.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi dúdú sórí funfun: kí ìpè náà kan àwọn tí wọ́n lé pẹ̀lú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí lẹ́yìn ogun, tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó lu ọ̀gá rẹ̀, ìwé burúkú ni wọ́n fi ń lé e jáde, ìwé náà ló sì ń ti ilẹ̀kùn ìtọ́jú mọ́ ọn, nígbà tó jẹ́ pé ọgbẹ́ ọkàn tí a ń sọ yìí lè jẹ́ ohun tó fa ìwà náà. Kí dókítà yẹ irú wọn wò kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu ìwé lílé.