Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóró màmá mi

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi, ẹni ọdún 61, ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Wọn ò mu sìgá rí, àmọ́ dókítà ní jẹjẹrẹ ló wà lẹ́dọ̀fóró wọn ọ̀tún. Ó ti ràn dé kókó omi-ara (lymph node) kan ṣoṣo nítòsí ẹ̀dọ̀fóró náà. Kò tíì dé ọpọlọ tàbí egungun. Wọ́n fẹ́ gé ibẹ̀ kúrò, kí màmá wá gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Màmá yarí: wọ́n ní bí wọ́n bá la àyà, tí afẹ́fẹ́ kan jẹjẹrẹ, á tàn ká. Aládùúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn o! Lánàá, wọ́n ti ń pín ìró wọn fún àwọn àbúrò mi.

Ta lẹ mọ̀ tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí? Ṣé ó ń mí dáadáa? Ṣé jẹjẹrẹ náà kò padà wá? Ẹ̀yin alágbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò mí.