Kí ló dé tí ẹni tí a rẹ́ jẹ fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi?

Ìbéèrè, láti Ìkòròdú: Ẹ̀yin àgbà, wọ́n lé àbúrò mi, tó jẹ́ alágbàṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Odógunyàn, láìsọ ìdí. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ló ń bú. Kí ló fà á?

Èsì: Àbúrò, Sigmund Freud, dókítà ará Austria tó ń ṣe ìwádìí nípa ọkàn ènìyàn, kọ ọ́ ní 1917 pé ẹ̀sùn tí ènìyàn ní sí ohun tó fẹ́ràn tó sì pàdánù lè yí padà sórí ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò pè é síṣẹ́ lọ́la kò lè bínú sí ọ̀gá tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ìbínú ọ̀hún a wọlé sínú.

Èsì mìíràn: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a sọ ìrẹ́jẹ di àìsàn ọkàn. Ẹ bá a béèrè owó rẹ̀ pẹ̀lú.